Ooru Tí Kì Í Wá Ní Ọjọ́ Jímọ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, láti 1958 títí di 1979, létí òkun ní Port-Bouët. Nígbà tí mo bá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní Abidjan pé iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn bí ojú ọ̀run ti tutù tó, wọ́n máa ń rò pé mo ń dápàárá. Mi ò dápàárá. Iṣẹ́ ni. Ó ní ọ̀gá, ó ní òfin, ó ní ewu, ó sì bọ́ ọmọ márùn-ún. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe, àti fún àwọn òbí yín, nítorí òbí ni èmi náà, mo sì mọ bí àyà òbí ṣe ń já nígbà tí ọmọ bá yan ohun tí a kò mọ̀.

Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, ni wọ́n bí mi sí. Ìgbòho ni bàbá mi ti wá, ó ń ta abọ́ tánganran, ó sì fẹ́ kí n dúró ti ìsọ̀. Èmi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo fẹ́ràn ìṣirò. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn: wọ́n ń wá ẹni tí ó mọ ìṣirò tí kì í mutí, wọ́n rí mi. Owó oṣù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ọ̀gá tí ó kọ́ mi. Sìríákù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kétu, ìjọ Àgùdà ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ju ohùn sókè. Ilé iṣẹ́ wa nígbà náà máa ń gba ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń fi rédíò ránṣẹ́, ó sì ń wọn bí afẹ́fẹ́ òkè ṣe ń yí padà láàárín ọ̀sán àti òru. Ọjọ́ kìíní, ó gbé mítà kan síwájú mi. Jígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Kí lo rí?”

Mo ní, “Ó tó ogójì, ọ̀gá.”

“Mi ò bi ọ́ pé ó tó kí ni. Kí lo rí?”

“Ogójì lé díẹ̀.”

“Díẹ̀ ti ta ni? Díẹ̀ tìrẹ àbí díẹ̀ tèmi?”

Ó mú mi lórí, ó rọra tẹ̀ mí sílẹ̀ títí mo fi kúnlẹ̀, tí ojú mi fi ṣe déédéé pẹ̀lú mítà náà. Ó ní, “Tí o bá ń rí abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú jígí, ibi tí o dúró sí ni kò tọ́. Yẹ̀ sọ́tùn-ún, yẹ̀ sósì, títí èyí tó wà nínú jígí yóò fi sápamọ́ sẹ́yìn èyí tó wà níta. Ìgbà náà ni kí o tó kà á.” Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi kúnlẹ̀ níwájú mítà. Ìyá mi rí orúnkún ṣòkòtò mi, ó rò pé mo ti di onígbàgbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi òjé gbígbóná so wáyà mọ́ wáyà. Òjé tí ó bá jinná dáadáa a máa dán bí ojú ẹja tútù. Èyí tí kò bá jinná a máa ṣú bí eérú, ó sì lè di ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà kí ó tó já. Lọ́jọ́ kan mo so ogójì, mo gbé e fún un. Ó fi ìka tọ́ ọ̀kan, ó mú ẹ̀mú, ó gé gbogbo ogójì náà.

Mo ní, “Ọ̀gá, ọ̀kan péré ni kò dán. Àwọn yòókù dán.”

Ó ní, “Ta ló sọ fún mi pé wọ́n dán? Ṣé ìwọ tí o kò rí èyí tí kò dán?”

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ padà sí ìsọ̀ bàbá mi. N kò padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ kí ènìyàn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sọ̀ mú nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ jóná. Ọ̀gá Sìríákù ló tún kọ́ mi pé a kì í pa ohunkóhun rẹ́ nínú ìwé iṣẹ́. Bí o bá ṣe àṣìṣe, fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i pé ìwọ lo ṣe é. Ó máa ń sọ pé, “Kọ ohun tí o rí. Má kọ ohun tí mo fẹ́.” Ní 1967 ó gba ìfẹ̀yìntì, ó lọ sí Kétu. Nígbà yẹn, àwọn làm̀pù onígíláàsì tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ, tí wọ́n máa ń gbóná tí wọ́n sì máa ń pupa bí ẹyin iná, ti ń kúrò. Tìràńsísítọ̀ ti dé, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, kì í sì í gbóná. Ohun tí ọ̀gá mi fi ọdún ogún mọ̀ nípa làm̀pù di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè mọ́. Ó dùn ún. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ èyí kí ẹ tó yan iṣẹ́: irinṣẹ́ yóò yí padà mọ́ yín lọ́wọ́. Ọwọ́ tí ó mọ ìtọ́jú nǹkan ni kì í yí padà.

Ní 1970 ni Màdámù Odile dé láti ilẹ̀ Faransé. Onímọ̀ ìràwọ̀ ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó máa ń wọ bàtà rọ́bà bí àwọn apẹja. Òun ló ṣàlàyé iṣẹ́ tuntun náà fún mi, bí ó sì ti ṣàlàyé rẹ̀ ni mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Nígbà tí ayé òun ìsálú ọ̀run bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbóná ju ààrò alágbẹ̀dẹ lọ. Ó ń fẹ̀, ó sì ń tutù. Ṣùgbọ́n ooru àkọ́kọ́ yẹn kò tán. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀, ó ń bọ̀ láti gbogbo ọ̀nà, ó sì dọ́gba níbi gbogbo, bí ìgbà tí o bá fọwọ́ kan eérú ààrò tí wọ́n ti pa láti àná tí o bá a tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìpele ooru mẹ́ta péré ni ó fi ju ibi tí òtútù parí sí lọ.

Àwọn ìràwọ̀ sì máa ń kóra jọ bí agbo ẹran, ẹgbàágbèje nínú agbo kan. Àwọn agbo náà tún ń kóra jọ bí ìletò tí ó di ìlú. Màdámù gbàgbọ́ pé afẹ́fẹ́ gbígbóná kan wà láàárín irú ìlú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé bí ooru àkọ́kọ́ bá gba ibẹ̀ kọjá, yóò dín díẹ̀ lójú ẹ̀rọ wa. Abidjan súnmọ́ ibi tí ilẹ̀ ayé ti fẹ̀ jù, ìlú ìràwọ̀ kan tí Màdámù ń wá sì máa ń kọjá gan-an lókè orí wa. Ìdí nìyẹn tí ó fi wá.

A kọ́ àgọ́ kékeré kan fún ẹ̀rọ náà. Ní ìta rẹ̀ ni ìwo onírin ńlá kan wà tí ó ya ẹnu sókè ọ̀run. Nítorí pé ilẹ̀ gbóná ju ọ̀run lọ, tí ẹ̀rọ kò sì gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀, a tẹ́ páànù alumíníọ̀mù yí ìwo náà ká, ó fẹ̀ bí yàrá mẹ́rin. Páànù náà ń dán bí jígí, ọ̀run tútù nìkan ni ó ń fi han ìwo. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà gorí rẹ̀. Àràárọ̀ ni a ń fi omi àti aṣọ nù ún. Nínú àgọ́, kálàmù kan máa ń ya ìlà sórí ìwé tí ń yí lọ tọ̀sán tòru. Akọ̀wé ni a sọ ẹ̀rọ yẹn. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a máa ń na ọwọ́ sí ẹ̀bá ẹnu ìwo, Akọ̀wé á fò sókè, nítorí ara ènìyàn dà bí iná lójú rẹ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó jí nìyẹn.

Àwa méjì ni Màdámù fi síṣẹ́ náà, èmi àti Koffi. Baúlé ni Koffi, ó kéré sí mi ní ọdún mẹ́sàn-án, ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ànàgó ni ó ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pe gbogbo Yorùbá.

Á ní, “Ànàgó, ẹ ti ta gbogbo nǹkan tán lọ́jà, ó ku ojú ọ̀run. Èló ni mítà kan?”

Èmi náà á ní, “Fún ọmọ Baúlé, ọ̀fẹ́ ni. Kò sáà ní lè gbé e délé.”

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, Jímọ̀ ni tèmi. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Koffi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ yòókù, èmi ni mo ń ṣe ti alẹ́, òun ń ṣe ti ọ̀sán.

Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ alẹ́ náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Ìràwọ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá ju ti àná lọ. Nítorí náà Màdámù kọ àkókò sínú ìwé fún wa: lónìí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, lọ́la aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àkókò náà bá pé, a óò rọ àsọ́tì sínú ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ lásán ni àsọ́tì, tí òtútù ti sọ di omi; òun ni ń mú ẹ̀rọ tutù tó láti rí ooru kékeré. Láti ilé iṣẹ́ kan ní Yopougon ni wọ́n ti ń gbé e wá nínú àgbá bíi tẹ́mọ́ọ̀sì ńlá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ìka bọ inú rẹ̀ pẹ́, ìka náà á kú. N kò jẹ́ kí àwọn ọmọ mi dé ọgbà náà rí. Tí a bá ti rọ ọ́ tán, a ó jáde, a ó ti ilẹ̀kùn, a kò gbọ́dọ̀ ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ̀rọ lè fara balẹ̀ nígbà tí ìlú ìràwọ̀ bá ń kọjá lókè orí. Koffi a máa fi àkókò yẹn lọ mu sìgá létí òkun. Èmi a máa bọ́ bàtà, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣe àlùwàlá, màá tẹ́ ẹní mi sórí páànù mímọ́ yẹn, màá kírun alẹ́, Ìṣáì. Ní gbogbo Port-Bouët, kò sí ibi tó mọ́ tó o. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú bàtà rí. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó ṣe òfin yẹn ṣe é fún mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974, nígbà ọyẹ́, a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé díẹ̀ wo ìlú ìràwọ̀ náà. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, Màdámù tẹ́ ìwé Akọ̀wé sílẹ̀ ní bùróò rẹ̀, ó pè mí.

“Músíọ̀ Ràímì, ẹ wò ó.”

Mo wò ó. Lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà náà fò sókè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó sì padà sílẹ̀. Ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá ju ti àná lọ, gẹ́lẹ́ bí ìràwọ̀. Màdámù ń retí kí ó dín, ó wá ń pọ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọdé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò retí irú èyí, kò sí ẹni tó tíì rí i rí. Ó ní, “Iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́, Músíọ̀ Ràímì. Ìlà yín dára.” Mo gbé orí mi sókè lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Nǹkan kan ni kò bójú mu. Lálẹ́ Jímọ̀, ìlà náà kò fò. Jímọ̀ kìíní kò fò, ìkejì kò fò. Màdámù bèèrè lọ́wọ́ Koffi bóyá ó rọ àsọ́tì. Ó ní òun rọ ọ́. Jímọ̀ kẹta, kò tún fò. Màdámù ní kò sí àlàyé méjì: Koffi ń sùn, ó ń kọ sínú ìwé pé òun rọ àsọ́tì nígbà tí kò rọ ọ́. Ó kọ lẹ́tà sí dìrẹ́tọ̀ pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ó tún kọ lẹ́tà mìíràn, èyí tí ó gùn, nípa ooru tí òun rí, láti fi ránṣẹ́ sílẹ̀ Faransé. Àwọn méjèèjì wà nínú àpò ìwé lórí tábìlì rẹ̀; ọkọ̀ òfuurufú ọjọ́ Ajé ti lọ, wọ́n ń dúró de ti Ajé tí ń bọ̀.

Koffi kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì tó ọjọ́ mẹ́wàá. Ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi.

“Ànàgó, ìwọ náà rò pé mo sùn?”

Mo ní, “Ara lè rẹ ènìyàn nígbà tí ọmọ tuntun bá wà nílé.”

Ó wò mí, ó ní, “Ó dáa,” ó sì lọ. Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kábàámọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e, ibà mú mi. Mo lọ síbi iṣẹ́ síbẹ̀. Mo rọ àsọ́tì ní àkókò rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n òtútù ń mú mi, òòyì sì ń kọ́ mi, n kò lè tẹrí ba. Mo jókòó sórí àga ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì, mo kírun mi níbẹ̀ ní ìjókòó. Lọ́jọ́ kejì, Màdámù gbé ìwé náà síwájú mi. Ìlà náà tẹ́ lọ gbọọrọ.

Ó ní, “Ẹ̀yin náà? Ara yín kò yá, ẹ gbàgbé àsọ́tì.”

Mo ní, “Mo rọ ọ́, Màdámù.”

Ó ní, “Kò burú, ibà ni,” ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Èmi kò lè fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mo rọ ọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi rọ ọ́. Bí èmi tí mo rọ ọ́ kò bá rí ooru, kí ló dé tí mo fi gbà pé Koffi kò rọ ọ́? Mo kó gbogbo ìwé náà sílẹ̀, alẹ́ méjìlélógún, mo fi ìwé àkókò lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́rin ni kò fò: Jímọ̀ mẹ́ta àti alẹ́ ibà mi. Mo bi ara mi pé kí ni mo ṣe ní alẹ́ méjìdínlógún tí n kò ṣe ní mẹ́rin yẹn. Ọkàn mi dáhùn kí n tó bèèrè tán: ìrun mi lórí páànù. Ara mi tutù ju àsọ́tì lọ.

Síbẹ̀, èrò kì í ṣe ẹ̀rí. Ní alẹ́ Ọjọ́rú mo kírun lẹ́nu géètì. Ìlà kò fò. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí mo ti ilẹ̀kùn, n kò kírun rárá. Mo kàn jókòó sórí páànù náà, mo káwọ́ gbera, mo ń wo aago. Nígbà tí mo wọlé, Akọ̀wé ti kọ ọ́: ìlà náà ti fò. Ìlú ìràwọ̀ kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Èmi ni. Bí mo sì ti ń tẹ̀ lé ìwé àkókò Màdámù láìfi ìṣẹ́jú kan ṣì í, ìrun mi ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá lójoojúmọ́ bí ìràwọ̀. Ká ní mo jẹ́ ọ̀lẹ ni, ká ní mo ń pẹ́ lónìí tí mo ń yá lọ́la, Màdámù ìbá ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní pé kì í ṣe ohun ọ̀run.

Ẹ má rò pé mo sáré lọ sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ọmọ márùn-ún. Ràfátù, àkọ́bí mi, ń múra ìdánwò ńlá. Mo rò ó pé wọ́n á lé mi. Mo tún rò ó pé wọ́n á ní Mùsùlùmí ló ba iṣẹ́ jẹ́, tí wọn kò sì ní gba irú wa síbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí mo ti mọ́sálásí dé sí ilé wa ní Koumassi, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, Sìfáwù. Ó ń ránṣọ. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

Ó ní, “Ṣé wọ́n á lé ọ?”

“Ó ṣeé ṣe.”

“Tí o bá dákẹ́ ńkọ́?”

“Wọ́n á lé Koffi.”

“Èyí tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Tí mo rán aṣọ ọmọ fún?”

“Òun ni.”

Ó ní, “Bàbá Ràfátù, ìrun tí o kí níbẹ̀ yẹn, ṣé kí Ọlọ́run lè gbà á ni, àbí kí wọ́n lè fi lé ọkọ ọlọ́kọ?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀ nígbà tí mo ń kí i.”

Ó ní, “O ti mọ̀ báyìí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìrun. Dídákẹ́ yìí ni ká máa bẹ̀rù.” Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, “Ti Koffi nìkan kọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Òyìnbó obìnrin yẹn ń jẹ kòkòrò. O fẹ́ kí ó jẹ ẹ́ dé Faransé?”

Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ takisí àjọwọ̀ tí à ń pè ní wọ́rọ̀-wọ́rọ̀ lọ sí Port-Bouët. Koffi wà níbẹ̀. Mo ní kí ó bá mi lọ sí bùróò Màdámù. Ó rò pé wọ́n ti fẹ́ fún un ní ìwé ìyọníṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi.

Mo ní, “Màdámù, ooru yẹn, èmi ni.”

Ó ní, “Ẹ̀yin ni kí ni?”

Mo tẹ́ àwọn ìwé náà sílẹ̀, alẹ́ méjìlélógún, àti méjì tí mo fi dán an wò. Mo fi ìka tọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó wò wọ́n pẹ́.

Ó ní, “Kí ni ẹ ń ṣe lórí páànù ní irú àkókò bẹ́ẹ̀?”

“Mo ń kírun, Màdámù.”

“Ní gbogbo alẹ́?”

“Àyàfi Jímọ̀. Jímọ̀, Koffi ló wà níbẹ̀.”

Koffi ní, “Ànàgó.”

Màdámù dìde, ó ní kí a lọ wò ó. Ó bi mí bóyá mo lè kírun báyìí kí òun máa wo Akọ̀wé. Mo ní kí ó má bínú, a kì í fi ìrun dán ẹ̀rọ wò. Koffi ti ń bọ́ bàtà.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n lọ. Èmi ò mọ àdúrà tó gùn, ṣùgbọ́n mo ní ara.”

Ó lọ jókòó síbi tí mo tọ́ka sí. Èmi àti Màdámù wà nínú àgọ́. Kálàmù náà gòkè. Màdámù pariwo sí i pé kí ó kúrò. Ó kúrò, kálàmù sọ̀kalẹ̀. Ó padà, kálàmù gòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kẹta, a gbọ́ ohùn Koffi láti ìta:

“Màdámù, ṣé mo ti di ìràwọ̀?”

N kò gbọ́ ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Màdámù fi ọwọ́ bo ojú. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tí ó mí tán, ó ní, “Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà mi ì bá lọ. Gbogbo ènìyàn ì bá máa wá ìlú ìràwọ̀ tó ń gbóná bí Músíọ̀ Ràímì.”

A padà sí bùróò. Ó yọ lẹ́tà méjèèjì nínú àpò. Ó fa èyí tó gùn ya fúnra rẹ̀. Ó na èkejì sí Koffi.

Ó ní, “Mo kọ ọ́ pé ẹ ń sùn. Ẹ kò sùn. Ẹ jọ̀ọ́.”

Koffi kò tètè gbà á. Ó ní, “Màdámù, mo ti ń gbà pé mo sùn. Lálẹ́ àná, mo ń fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́ ara mi, kí n lè mọ̀ pé mo jí nígbà tí mo ń rọ ọ́.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ hàn wá. Àmì abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, ó tó mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni ó gba lẹ́tà náà, ó fà á ya wẹ́wẹ́.

Màdámù yíjú sí mi. “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi ní Ọjọ́rú tí ẹ ti fura?”

Mo ní, “Ẹ̀rù ni, Màdámù. Mo ní ọmọ márùn-ún.”

Ó ní, “Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́.” Ó kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ mi, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Kò lé mi. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ kékeré kan nítòsí géètì, kí wọ́n sì fa omi débẹ̀, kí n lè rí ibi tó mọ́ kírun. Mo bẹ Koffi nípa ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní, “Ànàgó, gbàgbé. Ṣùgbọ́n láti òní, ìwọ ni wàá máa ra kọfí.” Mo rà á.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, Sìfáwù wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Wọ́n lé ọ?”

“Wọn ò lé mi.”

“Koffi ńkọ́?”

“Ó wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Ó ní, “Wọlé wá jẹun.” Mo jẹun, mo sùn ní aago mẹ́rin ọ̀sán títí di ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ rò pé ibà náà ló padà.

Láti ìgbà náà títí di 1979, a kò rí ooru kankan mọ́, a kò sì rí àdínkù tí Màdámù ń wá. Ẹ̀rọ wa kò lágbára tó, ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1979 ni ẹ̀rọ ìṣirò dé, tí ń tẹ nọ́ńbà jáde láìsí kálàmù, tí ó ń ṣe ní wákàtí kan ohun tí mo ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe. Lọ́dún náà ni wọ́n pa ilé iṣẹ́ náà dé, mo sì gba ìfẹ̀yìntì.

Bí ọmọ rẹ bá ní irú iṣẹ́ yìí ni òun fẹ́, má ṣe dí i lọ́wọ́. Kìlọ̀ fún un nípa àsọ́tì. Kìlọ̀ fún un pé ojú á máa dùn ún. Kí o sì sọ fún un pé bí wọ́n bá yin iṣẹ́ rẹ̀ lójijì, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ó dúró sí. Èmi kò pàdánù ohunkóhun nínú òótọ́ tí mo sọ, mo sì mọ ohun tí ǹ bá pàdánù ká ní mo dákẹ́.

Ní alẹ́ tí a fi parí, Jímọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo lọ síbẹ̀. Koffi ló rọ àsọ́tì ìgbẹ̀yìn, èmi sì jókòó tì í nínú àgọ́ títí Akọ̀wé fi ya ìlà rẹ̀ tán, gbọọrọ, láti etí kan dé èkejì. Koffi kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ìlà náà, ó gbé kálàmù fún mi pé kí n kọ tèmi. Mo ní kò yẹ, òun ló ni Jímọ̀. Ó ní, “Kọ ọ́, Ànàgó.” Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́, tí ó sì pa iná.